Ìgbésẹ̀ Keje

Iṣẹ́ Tóbi ni láti kọ ìwé ìtọ́sọ́nà. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Ẹ̀gbẹ́dá ló gbà á láti kọ́kọ́ dán an wò, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe irinṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà kan tó ń kó àpilẹ̀kọ láti orí ìkànnì ayélujára kan lọ sórí òmíràn. Irinṣẹ́ náà dára. Ohun tó kù ni àlàyé tí ẹni tí kò mọ kọ̀ǹpútà dunjú lè kà, kó sì lò ó láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

"Màmá mi ni kó o fi dán an wò," Adéọlá, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ló sọ bẹ́ẹ̀. "Ìkànnì tí wọ́n ń kọ nǹkan sí ti gbó. Bí wọ́n bá lè dá a ṣe, kò sẹ́ni tí kò ní lè ṣe é."

Akínlẹ́yẹ, ọ̀gá wọn, fara mọ́ ọn. Ó ní bí Màmá bá ti dá a ṣe, Tóbi ti di òṣìṣẹ́ gidi nìyẹn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn á wá ẹlòmíràn tó mọ àlàyé í ṣe.

Gowon Estate ni Màmá Adéọlá ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Ará Èkìtì ni àwọn méjèèjì, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Màmá a máa kọ àpilẹ̀kọ nípa ẹ̀kọ́ ilé: bí a ti ń kí àgbà, bí a ti ń bá ọmọ wí láìbú u. Àwọn tó ń kà á kò pọ̀.

Lọ́jọ́ tí Tóbi kọ́kọ́ lọ, Bàbá wà ní pálọ̀, ó tẹjú mọ́ fóònù rẹ̀. Ó jẹ́ kíkí Tóbi tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, ó sì padà sídìí fóònù. Màmá jókòó sídìí tábìlì oúnjẹ, ó wọ awò ojú rẹ̀, ó ka ìwé ìtọ́sọ́nà náà láti òkè délẹ̀. Ó tilẹ̀ bá Tóbi tún àwọn àmì ohùn kan ṣe níbẹ̀.

"Kí ni èyí túmọ̀ sí, ọmọ mi?" Ó na ìka sí ìgbésẹ̀ keje. "'Èsì àwọn òǹkàwé kì í bá àpilẹ̀kọ lọ.'"

"Ohun tí àwọn èèyàn kọ sísàlẹ̀ ni, mà. Àpilẹ̀kọ nìkan ni yóò kọjá, kò sì sí àyè èsì níbi tuntun. Bó bá sì ti kó o tán, yóò ti ibi àtijọ́ pa, kí nǹkan kan náà má bàa wà níbi méjì."

"Pátápátá?"

"Pátápátá, mà."

Màmá mirí. Ó ṣe ìgbésẹ̀ kìíní dé ìkẹfà láìṣe àṣìṣe kankan. Nígbà tó kan ìkeje, ó ní ojú ń dun òun.

Nígbà tí Tóbi padà lọ, Màmá ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára, bẹ́ẹ̀ fóònù Tóbi ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Nígbà mìíràn, ó lọ ṣi nǹkan mìíràn tẹ̀. Tóbi tún ìgbésẹ̀ keje kọ, ó gé e kúrú, ó fi àwòrán sí i. Màmá ní ó yé òun yékéyéké. Síbẹ̀ kò tẹ bọ́tìnnì náà.

Ilé náà tu Tóbi lára ṣá. Kò sí ariwo níbẹ̀ rárá. Màmá á tẹ nǹkan díẹ̀ sórí láptọ́ọ̀pù, kò ní pẹ́ tí Bàbá á fi dìde láìjẹ́ pé ẹnì kan pè é, á lọ tan jẹnẹrétọ̀. Bí oúnjẹ bá jinná, Bàbá á ti débẹ̀ kí wọ́n tó bù ú tán. Tóbi rò ó lọ́kàn pé bó ṣe yẹ kí tọkọtaya mọwọ́ ara wọn nìyí.

Ohun kan ṣoṣo tó ń bí i nínú ni àwọn òǹkàwé Màmá. Lábẹ́ àpilẹ̀kọ tó dá lórí òtítọ́ sísọ, ẹnì kan kọ ọ́ pé gáàsì ti ń tán lọ. Lábẹ́ èyí tó dá lórí ìkíni, ọ̀rọ̀ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n ń sọ. Àwọn tó ń polówó ọjà ni, kò sírọ́. Bí irú wọn kò bá àpilẹ̀kọ lọ, kí ló sọnù?

Ní ọjọ́ Ẹtì, ó wà nílé Màmá nígbà tí Akínlẹ́yẹ pè é.

"Ṣé Màmá ti ṣe é àbí wọn ò tíì ṣe é?"

"Ó ku díẹ̀, sà."

"Láti ìjẹta ló ti ń ku díẹ̀, Tóbi. Tó bá fi dìrọ̀lẹ́ òní, màá wá ẹlòmíì."

Màmá wà ní ilé ìdáná, ó ń bẹ iṣu. Ìgbésẹ̀ mẹ́fà ti parí lójú láptọ́ọ̀pù. Tóbi wo ẹnu ọ̀nà. Ó tẹ bọ́tìnnì.

Gbogbo àpilẹ̀kọ kọjá láìku ẹyọ kan. Tóbi ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀gá. Èsì dé kíá: "O ti gbaṣẹ́ jàre."

"Màmá, ó ti parí o! Mo bá yín tẹ̀ ẹ́."

Màmá jáde wá tòun tọ̀bẹ lọ́wọ́. Ó wo láptọ́ọ̀pù títí.

"O ṣeun, ọmọ mi," ó ní, ó sì padà sídìí iṣu rẹ̀.

Iṣu jinná, ó tutù. Bàbá kò wá. Ó ń tẹ fóònù rẹ̀ ní pálọ̀, ó ń gbọ̀n ọ́n, ó tún ń tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tó pẹ́, Bàbá dìde wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó sì la ẹnu sí ìyàwó rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún tó ti ta ilẹ̀ wọn ní Ìjẹ̀gùn láìsọ fún un: "Ìyá Adéọlá, níbo la ó ti máa bára wa sọ̀rọ̀ báyìí?"