Ìdọ̀bálẹ̀ ní Róòmù

Ẹ̀yin náà ti fura pé kì í ṣe àdúrà ló gbé Olóyè Gbádégẹṣin wọ ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ oníwúrà yẹn ní Róòmù. Láti ọjọ́ tó ti dé, òyìnbó kankan ò dọ̀bálẹ̀ fún un, ó sì rò pé bóyá níbẹ̀ ni wọ́n ti máa ṣe é.

“Bàbá, wọn kì í dọ̀bálẹ̀ níbí,” ni Ìbídùn ọmọ rẹ̀ wí, ó sì jókòó síta.

Olóyè ń yan lọ nínú ilé òfìfo náà. Nígbà tó dúró, ìró ẹsẹ̀ kan ṣì dún. Ó ní gbohùngbohùn ni.

Arúgbó òyìnbó kan yọ lẹ́yìn pẹpẹ, ó wò, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Orí Olóyè wú.

“Ó tó, dìde. Wàá dàgbà.”

Arúgbó náà gbójú sókè, ó ń gbọ̀n. Ẹni tó dúró lẹ́yìn Olóyè ni arúgbó náà ń kí.