Ìrìnàjò Ogójì Àṣàkẹ́

Ní ọjọ́ tó gbẹ̀yìn ọdún, Àṣàkẹ́, ẹni àádọ́rin ọdún, wọ bàálù láti Ìbàdàn lọ sí Kánò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀ Kánò rí. Bí bàálù bá ti balẹ̀, á jókòó pa síbẹ̀ títí á fi gbé e padà sílé. Ìrìnàjò ogójì lọ́dún, àlọ pẹ̀lú àbọ̀ fún ọ̀kan, ní í sọni di oníkáàdì wúrà lọ́dọ̀ àwọn oníbàálù, oníkáàdì wúrà nìkan ni wọ́n sì ń gbà wọ London báyìí. Ọ̀hún ni Mọ́ṣúnmọ́lá ọmọ rẹ̀ wà, ọdún mẹ́sàn-án rèé tí wọ́n ti fojú kanra gbẹ̀yìn.

Tòní ni yóò pé ogójì. Bó bá di ọ̀la, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ení. Ará iwájú nìkan ni wọ́n sì ń kà. Ẹni tó bá jókòó lẹ́yìn kò sí nínú rẹ̀.

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ de bẹ́líìtì tán ni bàbá arúgbó kan fi ọ̀pá wọlé tìẹ̀-tìẹ̀, ó forí lé ẹ̀yìn pátápátá. Gbogbo ará iwájú tẹjú mọ́ fèrèsé. Àṣàkẹ́ náà tẹjú mọ́ fèrèsé díẹ̀, ó wá dìde.

"Bàbá, ẹ wá jókòó síbí."

Ọmọbìnrin tó ń tọ́jú èrò sáré dé. "Màmá, ṣé ẹ rántí pé tòní ló kẹ́yìn?"

"Mo rántí. Ṣé kí àgbà wá máa wo ìpàkọ́ mi ni?" Ó sì gba ẹ̀yìn lọ.

Bí wọ́n ṣe padà dé Ìbàdàn ni fóònù dún.

"Màámi, ṣé ó ti pé?"

"Ó ku ẹyọ kan."

Mọ́ṣúnmọ́lá mí kanlẹ̀.

"Màámi, ta lẹ tún dìde fún lọ́tẹ̀ yìí?"