Ìbọn Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbọdọ̀ Fọwọ́ Kàn

Ní ọ̀sán Sátidé kan nígbà ìkórè, ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì abúlé kan ní Kentucky, àgbẹ̀ arúgbó kan ń bá àwọn aládùúgbò rẹ̀ díje nínú ìbọn yíyìn. Itan ẹlẹ́dẹ̀ gbígbẹ ni ẹ̀bùn, kò sì pàdánù rẹ̀ rí. Ìbọn kékeré ọlọ́ta wẹ́wẹ́ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ni ó gbé dání, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn. Ṣùgbọ́n lónìí, gbogbo ọta rẹ̀ ń bọ́ sí apá òsì àmì.

"Ẹ̀gbọ́n, ogbó mà ti dé o!" ni àbúrò rẹ̀, Verlin, fi ń ṣe yẹ̀yẹ́.

"Pa ẹnu ẹ mọ́! Ìwọ lo yí irin tí mo fi ń fojú sun àmì!"

"Èmi kẹ̀? Ìbọn tí ẹ kì í jẹ́ kí n sún mọ́?"

Ludema, ìyàwó àgbẹ̀ náà, gbé àkàrà òyìnbó elésò ápù ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó gba ìbọn náà, ó sì yìn ín. Ọta wọ àárín gbùngbùn àmì.

"Ọkọ mi, ẹ má bínú. Tí ẹ bá ti lọ sóko, àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ tòmátì mi. Ìbọn yìí ni mo fi ń yìn wọ́n, ojú tèmi ni mo sì yí irin náà bá mu."

Adájọ́ ìdíje bọ́ síwájú, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin ará, a ti mọ ọ̀daràn o: Ìyáàfin Ludema ni!"