"A Dúpẹ́, Ara Ti Le": Ọ̀rọ̀ Tó Ba Ẹsẹ̀ Bàbá Sàníù Jẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé àárín kí ẹ jù ú sílẹ̀. Ìparí rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà. Ẹ fara balẹ̀ kà á tán.

1.
Àgbẹ̀ oníṣu ni Bàbá Sàníù, ní abúlé kan lẹ́yìn Ìjàyè. Ìyàndá ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré. Ebè kíkọ ni wọ́n fi ń bára wọn díje, ẹnu wọn kì í sì í sinmi.

"Sàníù, ebè rẹ yìí mà kéré o. Ṣé ọmọ-ọwọ́ lo kọ ọ́ fún ni?"

"Jókòó síbẹ̀! Ìwọ tó o máa ń sinmi lẹ́ẹ̀mẹta kó o tó kọ poro kan tán!"

Bàbá Sàníù kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ pé nǹkan ń ṣe òun. Ibà ì báà dá a dùbúlẹ̀, tí wọ́n bá kí i, èsì rẹ̀ kì í yí padà: "A dúpẹ́, ara ti le."

2.
Lọ́jọ́ kan tó ń lọ sí Ṣáṣá, ó wọ máíkírà ní Moniya. Wọn ò tíì rìn jìnnà tí tírélà kan tí bíréèkì rẹ̀ já fi rọ́ lù wọ́n látẹ̀yìn. Máíkírà náà yí gbirigbiri wọ inú kòtò. Nígbà tí àwọn èèyàn fa Bàbá Sàníù jáde, bàtà kan ṣoṣo ló kù lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá òun wá èkejì. Kò tíì mọ̀ pé orúnkún òun ti fọ́.

Dókítà di ẹsẹ̀ náà, ó wá pe Àsmá'ù, ọmọ rẹ̀ obìnrin, sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Tí a ò bá ṣe iṣẹ́ abẹ láàárín oṣù mẹ́ta, eegun yìí máa jinná ní wíwọ́. Tírélà yẹn ní ìnṣọ́ránsì. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò wọn ló yẹ kó sanwó rẹ̀."

Àsmá'ù kó ìwé ọlọ́pàá àti ìwé dókítà lọ fún ilé-iṣẹ́ adójútòfò náà n'Íbàdàn. Wọ́n ní àwọn máa pe bàbá rẹ̀, kí àwọn lè gbọ́ bí ẹsẹ̀ ṣe rí lẹ́nu òun fúnra rẹ̀.

"Bàbá, tí wọ́n bá pè, ẹ sọ gbogbo bó ṣe ń ṣe yín o."

"Mo ti gbọ́."

3.
Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, Ìyàndá wá kí i. Àsmá'ù ò sí nílé. Bàbá gbé ẹsẹ̀ lé orí àpótí, ó fi aṣọ bò ó. Fóònù dún, ó sì tẹ ibi tí ohùn á fi jáde síta, torí etí rẹ̀ kan ò gbọ́ràn dáadáa.

"Ẹ káàsán sà. Ọlámipọ̀sí lorúkọ mi, láti ilé-iṣẹ́ adójútòfò. Ẹ kú ewu o. Báwo lara, sà?"

Ìyàndá na ọrùn, ó ń fetí sílẹ̀.

"A dúpẹ́, ọmọ mi. Ara ti le."

"Ẹsẹ̀ ńkọ́, sà? Ṣé ẹ ti ń fi rìn?"

"Rìn kẹ̀? Tó bá jẹ́ pé oko la wà báyìí, Ìyàndá tó jókòó síbí ò lè bá mi!"

Àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin orí fóònù náà bá wọn rẹ́rìn-ín.

"Ṣé kò dùn yín mọ́, sà?"

"Alhamdulillah."

Nígbà tí fóònù gé, Bàbá di etí aṣọ náà mú gírígírí títí ìrora fi rọlẹ̀. Ìyàndá ò rí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ṣé ẹ rí àṣìṣe rẹ̀? Kì í ṣe pé ọmọ yẹn kàn ń kí i. Ìbéèrè ló ń bi í.

Àsmá'ù dé ní ìrọ̀lẹ́. "Bàbá, ṣé wọ́n ti pè?"

"Wọ́n pè, wọ́n kàn kí mi ni. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni."

Ni Àsmá'ù bá ń dúró kí wọ́n tún pè.

Wọ́n pe Olúrẹ̀mí náà, tíṣà kan tó wà nínú máíkírà ọjọ́ yẹn. Òun ní òun ò lè gbé apá ọ̀tún dé ibi pátákó ìkọ̀wé, ó sì bú sẹ́kún. Wọ́n sanwó iṣẹ́ abẹ apá rẹ̀.

4.
Nígbà tó di oṣù kejì, lẹ́tà dé. Wọ́n ní Bàbá Sàníù ti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ti gbádùn, nítorí náà àwọn ò ní sanwó iṣẹ́ abẹ kankan.

Bàbá àti ọmọ rẹ̀ gba ọ́fíìsì wọn lọ. Òógùn ti bo Bàbá kó tó gun àtẹ̀gùn tán.

"Ọmọ mi, ẹsẹ̀ yìí ń pa mí. Mi ò rí oorun sùn láti ọjọ́ yẹn."

Ọlámipọ̀sí sáré gbé àga fún un. "Mo gbà yín gbọ́, sà. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ọ̀gá mi gbọ́ nìyí."

Ó tẹ ẹ̀rọ kan tí wọ́n fi gba ọ̀rọ̀ orí fóònù ọjọ́ náà sílẹ̀. Ohùn Bàbá gba inú ọ́fíìsì náà kan, òun àti Ìyàndá, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Àsmá'ù yíjú sí bàbá rẹ̀.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wọn, Bàbá?"

"Ìyàndá wà níbẹ̀."

Wọ́n kọ ìwé ẹ̀bẹ̀. Kí ilé-iṣẹ́ náà tó gbà láti tún ẹsẹ̀ náà yẹ̀ wò, oṣù mẹ́ta ti kọjá. Eegun ti jinná ní wíwọ́. Ọ̀pá ni Bàbá Sàníù fi ń rìn títí di òní.

Ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ kìlọ̀ fún àwọn àgbà yín. Tí ará àdúgbò bá kí yín, ẹ lè sọ pé ara le. Ṣùgbọ́n tí dókítà, ọlọ́pàá tàbí ilé-iṣẹ́ adójútòfò bá bi yín bí ara ṣe rí lẹ́yìn ìjàǹbá ọkọ̀, kì í ṣe ìkíni. Ẹ sọ ibi tó ń dùn yín àti ohun tí ẹ ò lè ṣe mọ́. Tí ojú ẹni tó wà lọ́dọ̀ yín bá ń tì yín, ẹ ní kí wọ́n pè padà. Ìtìjú ìṣẹ́jú márùn-ún ni Bàbá Sàníù sá fún, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló sì bá a lọ.

Ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó bá ní bàbá tí kì í fẹ́ sọ pé nǹkan ń ṣe òun.