Ojú Ìyá Amọ̀kòkò Lára Ògiri

Agbẹ́re ń fi sìmẹ́ǹtì mọ ojú Ìyá Amọ̀kòkò sára ògiri ìtàn abúlé wa.

Ìyá jókòó níwájú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ojú rẹ̀ ti fọ́, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ṣì le koko.

"Àádọ́ta ọdún ni mo fi mọ ìkòkò, òní lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí mi! Má jẹ́ kí imú mi tóbi jù o."

"Màmá, bó ṣe tóbi náà nìyẹn," ni ọmọ rẹ̀ ọkùnrin fèsì. Òun ló gbé iṣẹ́ náà fún agbẹ́re.

Iṣẹ́ parí. Ìyá nawọ́ sí ògiri. Ó fọwọ́ kan imú, ó rẹ́rìn-ín. Ó fọwọ́ kan orúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó kan nọ́ńbà.

Ó máa ń kọ ọdún sí ìdí gbogbo ìkòkò tó bá mọ, nítorí náà ìka rẹ̀ mọ nọ́ńbà kà.

Ọdún tí wọ́n bí i. Ìlà kékeré kan. Ọdún mìíràn.

Ọdún yìí ni.

"Ta ló ní kí o kọ eléyìí?"

"Ọmọ yín ni, Màmá."

Ọdún yìí ku ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Ọmọ rẹ̀ rọra fi ife kan sí i lọ́wọ́.

"Oògùn ojú yín ni, Màmá. Ẹ mu ún tán."