Sìmẹ́ńtì Dókítà Akíntọ́lá

Eyín tí Dókítà Akíntọ́lá fi òpó irin gbé ró, tó sì búra pé yóò lo ọdún mẹ́wàá, já bọ́ sí Sàbúrátù lọ́wọ́ lọ́jọ́ Jímọ̀. Kò tíì pé ọdún méjì.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, ó wọ kẹ̀kẹ́ láti Ogbete lọ sí ilé ìwòsàn eyín Dókítà ní Ogui. Ó fi àjákù aṣọ funfun di eyín náà, ó sì dì í mú sábẹ́ ìbòrí rẹ̀. Láti ọjọ́ Jímọ̀ ló ti ń fọ ọwọ́ ọ̀tún yẹn, títí awọ rẹ̀ fi ń bó. Fóònù rẹ̀ dún lójú ọ̀nà. Waliyat ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni. Kò gbé e.

Kò kan ilẹ̀kùn.

"Mama, good morning o," ni Lilian nọ́ọ̀sì wí. "Wetin happen?"

"Call your oga. Him cement no strong."

Dókítà fúnra rẹ̀ jáde. "Màmá, ẹ káàárọ̀. Kí ló dé?"

"Sìmẹ́ńtì yín ló dé." Ó tú aṣọ náà. "Ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó Waliyat lẹ lẹ̀ ẹ́. Ẹ ní bí òkúta ló máa rí."

Dókítà gbé eyín náà sókè. "Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni lóòótọ́. Ojú pọ̀ tí mo ń rí níbí, àmọ́ mo rántí eyín yìí: ẹ ní ẹ fẹ́ fi rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò."

"Ẹ̀rín náà dára. Gbogbo wa la rí i."

"Ó ń rùn káfúrà."

"Aṣọ inú àpótí ni mo fi dì í."

"Ó dáa. Ẹ la ẹnu kí n wò ó."

"Ẹnu kọ́ ni mo gbé wá, Dókítà. Eyín ni mo gbé wá. Ohun tó mú un já ni kí ẹ sọ."

Lilian bú sẹ́rìn-ín. "This mama na lawyer!"

Sàbúrátù ò rẹ́rìn-ín. Ó béèrè bóyá omi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ lè tú sìmẹ́ńtì. Dókítà ní tíì gbígbóná ojoojúmọ́ pàápàá kì í tú u. Ó béèrè bóyá wọ́n pò ó ṣàn jù. Dókítà ní ìyẹ̀fun rẹ̀ ní òṣùwọ̀n, òun sì ti nu ihò eyín náà gbẹ kí òun tó fi í sí i.

"Ẹ tún un wò." Ohùn Sàbúrátù ti wálẹ̀. "Sìmẹ́ńtì lè má dára. Ta ni kì í ṣàṣìṣe? Ẹ ṣáà sọ pé òun ni, n ò ní bínú."

Dókítà gbé e sábẹ́ iná. "Màmá, bó bá jẹ́ sìmẹ́ńtì ló tú, irin yìí ìbá yọ lófìfo bí ìṣó ṣe ń yọ lára igi. Ẹ wá wò ó. Ó gbé ègé gbòǹgbò eyín dání. Sìmẹ́ńtì ò tú. Eyín gan-an ló dá."

"Kí ló dá a?"

"Agbára ni. Àbí ẹ fi ṣí ìgò mínírà?"

"Rárá."

"Ẹ jẹ eegun?"

"N ò jẹ nǹkan kan." Òótọ́ ni. Láti ọjọ́ Jímọ̀, kò tíì fi oúnjẹ kan ẹnu.

"A jẹ́ pé nǹkan kan ti àgbọ̀n yín láti ìsàlẹ̀, ó sì tì í gan-an. Kì í ṣe ẹ̀bi mi."

Sàbúrátù wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó sì kó o padà sábẹ́ ìbòrí.

"Ẹ má bọkàn jẹ́," ni Dókítà wí. "A óò ṣe òmíràn. Ẹ wá sùn sórí àga."

Kò kúrò lójú kan.

"Rodiyat ìyá Waliyat ló ni eyín yìí," ló wí, "èmi ni mo wẹ òkú rẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, ọwọ́ yìí ni mo fi ti àgbọ̀n rẹ̀ pa ẹnu rẹ̀ dé nígbà tó ti le, wọ́n sì ti sin ín tán kí eyín tó já bọ́ sí mi lọ́wọ́ níbi tí mo ti ń fún aṣọ tí mo fi nu ẹnu rẹ̀, ohun tó bá já lára òkú, inú aṣọ òkú ni à ń dì í sí kó bá a lọ, Dókítà, ta ni kí n wá gbé e fún báyìí? Ẹ dá mi lóhùn!"