Ẹja Tí Káfíńtà Ń Dín Fún Ọpọlọ Ọmọ

Káfíńtà ò fi ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ oṣù mẹ́ta ṣeré rárá.

Nọ́ọ̀sì ló pè é sí kọ̀rọ̀ nílé ìwòsàn lẹ́yìn tí wọ́n wọn ọmọ: "Ọmọ yín fúyẹ́ jù. Ọ̀rá inú ẹja ló ń kọ́ ọpọlọ ọmọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹja wọ́n nílé o!"

Láti ọjọ́ náà, ojoojúmọ́ ni káfíńtà ń dín ẹja. Ẹja inú òkun kù díẹ̀ kó tán!

Lónìí, wọ́n tún gbé ọmọ sórí ìwọ̀n. Ìyẹ́ adìyẹ wúwo jù ú lọ.

Nọ́ọ̀sì kọjú sí ìyàwó káfíńtà: "Ìyá ọmọ, ṣé ẹ ń jẹ ẹja yẹn, kí ọ̀rá ẹ̀ lè bá ọmú dé ọ̀dọ̀ ọmọ?"

"Ẹja wo? Òórùn ẹ̀ nìkan ni mò ń gbọ́!"

Káfíńtà fọwọ́ pa ikùn rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ.

"Èmi ni mò ń jẹ ẹ́. Ṣebí orí mi lọmọ gbé wá? Ibo lọpọlọ ẹ̀ tún fẹ́ ti wá?"

Ìyàwó rẹ̀ gbé ọmọ lé e láyà.

"Ó yá, Baba Ọlọ́pọlọ. Fún un lọ́mú."